BÍ SÍTÓÒFÙ GÁÀSÌ KÒ BÁ JÓ DÁADÁA
Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí ìtanná àti ipá gáàsì

Nínú ìwé ìròyìn wa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí, ẹ̀kọ́ tí a mú wá jẹ mọ́ ilé ìdáná, ó sì jẹ mọ́ àpò wa pẹ̀lú.

Láti ọdún 2007 tí ilé-iṣẹ́ NLNG ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà lára gáàsì ìdáná rẹ̀ sí ọjà ilẹ̀ wa, gáàsì ti wọ ọ̀pọ̀ ilé tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń yá owó láti fi ra sítóòfù àti sílíńdà, àwọn kan fún ilé, àwọn mìíràn fún òwò oúnjẹ. Ohun tó dára ni, nítorí èéfín igi ń ba ojú àti àyà jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi owó ẹgbẹ́ ra ohun èlò, tí a kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ohun èlò lè bàjẹ́, gbèsè yóò sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ arábìnrin wa kan ní Ìdí Arẹrẹ bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń tà, orí sítóòfù gáàsì ojú méjì ló sì ti ń sè é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, iná náà kò lágbára mọ́. Ẹ̀wà tó máa ń jinná kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó kọjá kò jinná títí oòrùn fi mú. Ó pe ẹnìkan tó ń tún sítóòfù ṣe. Ẹni yẹn ní régúlétọ̀ ló bàjẹ́. Arábìnrin wa ra òmíràn, iná kò yí padà. Ẹni yẹn tún ní ojú ihò gáàsì ló dí. Ó fi irin gún un. Iná ojú kan wá ga, ṣùgbọ́n ó pọ́n bí iná àtùpà, ó sì ń sọ ìdí ìkòkò di dúdú. Nígbà tí a bá a yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí ni a rí? Ẹsẹ̀ tábìlì ló tẹ họ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. A gbé tábìlì kúrò, iná padà bọ̀ sípò ní ojú kejì. Ojú tí wọ́n fi irin gún kò padà bọ̀ sípò títí a fi ra ihò mìíràn sí i. Owó tó yẹ kó fi san gbèsè ẹgbẹ́ fún oṣù méjì ló ti bá ọ̀nà yìí lọ.

Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí: Ẹ tẹ̀lé ọ̀nà gáàsì láti sílíńdà títí dé ibi tí iná ti ń jó, ẹ máa yẹ ohun kan wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì ra nǹkankan kí ẹ tó mọ ibi tí àìsàn wà.

KÍ NI IPÁ GÁÀSÌ?

Gáàsì tí a ń rà kì í ṣe gáàsì nígbà tó wà nínú sílíńdà. Omi ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ mi sílíńdà tó ní nǹkan nínú díẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí omi náà ti ń ṣe wọ́rọ́wọ́rọ́. Àdàlù ohun méjì ni, butane àti propane. Omi butane máa ń hó ní nǹkan bí òdo lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius, ti propane sì máa ń hó ní ìwọ̀n 42 nísàlẹ̀ òdo. Èyí fi hàn pé ní Ìbàdàn wa, kódà nígbà ọyẹ́, ooru tó wà lára sílíńdà ti tó láti sọ omi náà di gáàsì. Omi yìí a sì fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 250 nígbà tó bá di gáàsì.

Nítorí pé kò sí àyè nínú sílíńdà láti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, gáàsì náà a máa ti ara sílíńdà kíkankíkan. Títì yìí ni à ń pè ní ipá gáàsì. Mílíbà ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ipá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká tó nǹkan bí 1,000 mílíbà. Sítóòfù ilé kò fẹ́ ju nǹkan bí 28 sí 30 mílíbà lọ lórí ti afẹ́fẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ipá inú sílíńdà ju èyí lọ ní ìlọ́po 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọjọ́ bá gbóná.

Iṣẹ́ régúlétọ̀ nìyí. Ẹ fi ojú inú wo bí èrò ṣe máa ń kún ẹnu ọ̀nà Gbọ̀ngàn Mápó lọ́jọ́ ayẹyẹ. Bí kò bá sí aṣọ́nà, wọn yóò ya wọlé, wọn yóò sì tẹ ara wọn pa. Aṣọ́nà ló ń jẹ́ kí wọ́n wọlé ní ìwọ̀nba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni régúlétọ̀ ṣe ń ṣe sí gáàsì. Bí aṣọ́nà bá sùn, wàhálà dé. Bí ó bá sì ti ilẹ̀kùn pa pátápátá, kò sí ẹni tí yóò wọlé.

KÍ Á TÓ FỌWỌ́ KAN OHUNKÓHUN

Gáàsì ìdáná kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń fi èròjà kan tó ń rùn sí i kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Òórùn náà dà bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn yìí, ọ̀rọ̀ àtúnṣe ti parí nìyẹn; ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kù.

Ẹ rántí bí àdúgbò wa ṣe rí. Láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà, láti Ọjà'ba dé Ìdí Arẹrẹ, ilé fi ara ti ilé, ògiri kan ni ìdílé méjì ń lò. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí. A máa wọ́ lọ sínú gọ́tà, sí ẹnu kànga, sí abẹ́ ilẹ̀kùn aládùúgbò tó ń fẹ́ iná èédú. Bí ìdá 2 péré nínú 100 afẹ́fẹ́ yàrá bá ti di gáàsì, ó ti tó láti gbiná. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn:

1. Ẹ pa gbogbo iná tó wà nítòsí bí ẹ bá lè ṣe é láìsí ewu, kí ẹ sì ti ẹnu sílíńdà pa.
2. Ẹ má ṣe tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tó ti ń tàn. Ẹ má tẹ fóònù níbẹ̀, ẹ má sì ta jẹnẹrétọ̀ nítòsí.
3. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ kó àwọn ọmọdé àti arúgbó jáde.
4. Ẹ kìlọ̀ fún aládùúgbò tí iná wà lọ́wọ́ rẹ̀.
5. Ẹ má padà wọlé láti dáná títí òórùn yóò fi lọ tán, tí a ó sì fi mọ ibi tó ti ń jò.

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tó ń jò, omi ọṣẹ ni a ń lò. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kó hó, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn pa á sí ẹnu sílíńdà, ara régúlétọ̀, gbogbo ara họ́ọ̀sì àti ibi tó ti wọ sítóòfù. Ibi tí ìfófó bá ti ń wú ló ń jò. Ẹni tó bá fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò yóò rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ohun tí yóò rí kẹ́yìn nìyẹn.

BÍ INÁ KÒ BÁ RÀN RÁRÁ

Ohun mẹ́ta ni iná ń fẹ́: gáàsì, afẹ́fẹ́, àti ẹ̀ta iná tí yóò tàn án. Bí ọ̀kan kò bá sí, méjì tó kù kò lè dá a ṣe.

Lọ́nà kìíní, ẹ mọ̀ bóyá gáàsì wà. Ẹ má fi ọwọ́ gbé e lásán. Wọ́n kọ ìwọ̀n òfìfo sílíńdà sára rẹ̀ níbi ọrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà T.W. tàbí ọ̀rọ̀ TARE. Ká ní 13.2 ni wọ́n kọ síbẹ̀, tí òṣùwọ̀n sì sọ pé 13.9, kìlógíráàmù 0.7 péré ló kù nínú rẹ̀. Bákan náà, bí ẹ bá san owó kìlógíráàmù 12.5 lọ́dọ̀ atagáàsì, 25.7 ni òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ. Ìṣirò kan náà tó ń jẹ́ ká mọ̀ bí gáàsì bá ń tán ló ń jẹ́ ká mọ̀ bí wọ́n bá rẹ́ wa jẹ.

Lọ́nà kejì, ẹ wo ẹnu sílíńdà bóyá ó ṣí, kí ẹ sì wo régúlétọ̀ bóyá ó jókòó dáadáa. Àwọn régúlétọ̀ kan wà tí ń ti ara wọn pa bí gáàsì bá ya jáde lójijì. Irú èyí, ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá ṣí i ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sílíńdà, ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú họ́ọ̀sì. Afẹ́fẹ́ yìí ni yóò kọ́kọ́ jáde kí gáàsì tó dé.

Lọ́nà kẹta, ẹ yẹ ìtanná wò. Bí èyí tí ẹ ń tẹ̀ lára sítóòfù kò bá tan iná, ẹ ṣá ìṣáná, ẹ gbé e sí ojú bọ́nà, kí ẹ tó wá ṣí gáàsì. Bí ó bá ràn, gáàsì kò ní ẹ̀bi. Ìtanná ló ń ṣàìsàn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọbẹ̀ ló hó dà lé e lórí, tàbí omi tí a fi fọ sítóòfù kò tíì gbẹ. Ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ń lo bátìrì, ẹ pààrọ̀ bátìrì náà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí gáàsì sílẹ̀ kí ẹ máa tẹ ìtanná léraléra. Bí kò bá ràn kíákíá, ẹ ti gáàsì, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ èyí tó ti jáde lọ, kí ẹ tó tún gbìyànjú.

Lọ́nà kẹrin, ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ìyan àkàrà òyìnbó nìyí. Nínú púpọ̀ wọn, ọ̀pá kékeré kan wà tí iná máa ń rà lára, tí wọ́n ń pè ní thermocouple. Bí ọ̀pá yìí bá gbóná, ó ń jẹ́ kí ọ̀nà gáàsì wà ní ṣíṣí. Bí iná bá kú, tí ọ̀pá sì tutù, yóò ti gáàsì pa fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi máa ń tẹ kókó rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí a tó fi í sílẹ̀. Bí iná bá ń kú ní kété tí a bá fi kókó sílẹ̀, orí ọ̀pá náà ti dọ̀tí, tàbí ó ti yẹ̀ kúrò lójú iná, tàbí ó ti kú. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì mú omi gbóná ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe fi okùn so kókó náà mọ́lẹ̀ láé. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti lé olùṣọ́ kúrò nílé ara rẹ̀.

BÍ INÁ BÁ RÀN, TÍ KÒ LÁGBÁRA

Ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ojú kan ni kò lágbára, tàbí gbogbo ojú? Ìbéèrè yìí ìbá ti gba arábìnrin wa lọ́wọ́ ìnáwó.

Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, sílíńdà, régúlétọ̀ àti họ́ọ̀sì kò ní ẹ̀bi, nítorí àwọn kan náà ló ń bọ́ ojú kejì tó ń jó dáadáa. Ojú náà gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bóyá ìdérí bọ́nà kò jókòó dáadáa, tàbí oúnjẹ ti dí àwọn ojú rẹ̀, tàbí aláǹtakùn ti ta òwú sínú rẹ̀. Ẹ ti gáàsì pa, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ bọ́nà náà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Ihò kékeré tí gáàsì ń gbà jáde lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Wọ́n ti wọn ihò yìí kí wọ́n tó lu ú. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ tàbí irin gún un, yóò fẹ̀, gáàsì tó ń jáde yóò ju èyí tí afẹ́fẹ́ lè bá dọ́gba lọ. Irun búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi nù ún.

Bí ó bá jẹ́ gbogbo ojú, ẹ padà sẹ́yìn sí ọ̀nà gáàsì. Ẹ tan ojú kan, ẹ wò ó. Ẹ wá tan ojú kejì. Bí ojú kìíní bá lọ sílẹ̀ gan-an nígbà tí ẹ tan èkejì, gáàsì tó ń bọ̀ kò tó. Ẹ wá yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò, bí a ti tò wọ́n:

(a) Sílíńdà. Ẹ wọ̀n ọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, ipá rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀ púpọ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tán ni iná máa ń rẹ̀ lójijì.

(b) Òtútù ara sílíńdà. Àwọn tó ń se oúnjẹ ìnáwó ni èyí kàn jù. Wọ́n á fi sílíńdà kékeré bọ́ bọ́nà ńlá, wọ́n á sì ṣí i tán pátá. Bí omi inú rẹ̀ ṣe ń yára di gáàsì, ooru ara sílíńdà ni ó ń lò. Sílíńdà yóò tutù, yóò làágùn bí ìgò omi tútù, ipá rẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀ nígbà tí gáàsì ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ dín iná kù, ẹ jẹ́ kó sinmi, tàbí kí ẹ lo sílíńdà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe gbé e sínú omi gbígbóná, ẹ má ṣe yá a níná, ẹ má sì dà á dùbúlẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀, omi gáàsì ni yóò jáde dípò gáàsì, régúlétọ̀ kò sì lè dá a dúró.

(d) Họ́ọ̀sì. Ṣé ó ti ká? Ṣé nǹkan tẹ̀ ẹ́? Ṣé ó ti le, tó sì ti là? Họ́ọ̀sì tó ti là kò ní àtúnṣe. Bí a tilẹ̀ fi téèpù wé e, yóò jò. Bí kò bá tilẹ̀ là, kò yẹ kó pẹ́ ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ.

(e) Régúlétọ̀. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tó fi ń mí. Bí ọ̀rá tàbí eruku bá dí i, kò ní lè mọ ìwọ̀n tó ń fi sílẹ̀. Ẹ nu ojú rẹ̀, ẹ má gún un. Bí gbogbo èyí tó ṣáájú bá dára, tí iná ṣì rẹ̀, ìgbà yẹn ni ó tó yẹ kí ẹ ronú à ti ra régúlétọ̀ mìíràn. Ẹ sì kíyè sí i: régúlétọ̀ alágbára tí wọ́n ń lò fún bọ́nà ìnáwó kì í ṣe ti sítóòfù ilé. Ẹni tó bá gbé e sí sítóòfù ilé nítorí kí iná lè lágbára ti fi ipá tí sítóòfù náà kò lè gbà sí i lọ́rùn.

OHUN TÍ IṢẸ́ INÁ Ń SỌ

Iná tó dára jẹ́ búlúù, ó dúró jẹ́ẹ́, ó sì fi ara mọ́ bọ́nà.

Iná tó pọ́n bí iná àtùpà, tó sì ń sọ ìkòkò di dúdú, kò rí afẹ́fẹ́ tó. Bọ́nà ti dí, tàbí ihò gáàsì ti fẹ̀. Irú iná yìí lè mú gáàsì olóró kan jáde tó ń jẹ́ carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Ó lè dà bí ẹni pé oorun ń kun ẹni tó bá ń fà á símú. Nítorí náà, ẹ má dáná gáàsì nínú yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa, ẹ má sì dá a níbi tí ènìyàn sùn sí.

Iná tó ń fò kúrò lórí bọ́nà, tó sì ń hó fùùù, ipá gáàsì rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ wo irú régúlétọ̀ tó wà níbẹ̀.

Iná tó sá wọ abẹ́ bọ́nà lọ, tó ń jó nísàlẹ̀, ipá gáàsì rẹ̀ kéré jù, tàbí ìdérí kò jókòó. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

IBI TÍ A Ó DÚRÓ SÍ

A lè fọ bọ́nà, a lè pààrọ̀ họ́ọ̀sì àti régúlétọ̀, a lè fi omi ọṣẹ wá ibi tó ń jò. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ tú inú régúlétọ̀ tàbí ẹnu sílíńdà, a kò gbọ́dọ̀ jó irin mọ́ ara sílíńdà, a kò sì gbọ́dọ̀ da gáàsì láti inú sílíńdà kan sí òmíràn nílé. Iṣẹ́ onímọ̀ nìwọ̀nyí. Nígbà tí ẹ bá sì pe onímọ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ti rí fún un: ojú kan ni tàbí gbogbo ojú, àwọ̀ iná, ìwọ̀n sílíńdà. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe ohun èlò rẹ̀, kò rọrùn láti tà á ní ohun tí kò nílò.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òṣùwọ̀n kan lè tó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kan lò bí a bá dáwó rà á. A lè ra họ́ọ̀sì tó dára ní ọ̀pọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì yá owó ra sítóòfù, ó yẹ kí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ bá a dé ilé, kí wọ́n jọ fi omi ọṣẹ yẹ ẹ́ wò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbèsè tí sítóòfù kan bá dá sílẹ̀, gbogbo wa la jọ dúró fún un. Iná tó bá sì ṣẹ́ nínú agbo ilé kan, kì í béèrè ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Ojú kan lára sítóòfù rẹ kò lágbára, èkejì sì ń jó dáadáa. Ṣé ó yẹ kí o ra régúlétọ̀? Kí ni ìdí rẹ̀?
2. Wọ́n kọ T.W. 14.0 sára sílíńdà. O san owó kìlógíráàmù 12.5, òṣùwọ̀n sì sọ pé 25.1. Kìlógíráàmù mélòó ni wọ́n rẹ́ ọ jẹ?
3. Níbi ìnáwó, sílíńdà làágùn, iná sì rẹ̀. Kí ni ìwọ yóò ṣe, kí sì ni ìwọ kò gbọ́dọ̀ ṣe?
4. Nínú agbo ilé rẹ, ta ni ìwọ yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún bí o bá gbọ́ òórùn gáàsì?

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀kọ́ yìí sí etí àwọn tí kò lè kà á fúnra wọn. A ó tún pàdé nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀.